Ilé Tó Ń Rìn Díẹ̀díẹ̀

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí wọ́n wọlé fún táàmù kẹta ni Jemimah Adébíyì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì pinnu pé àwọn náà yóò ṣe kàtúùnù tiwọn. Gbogbo ìsinmi Àjíǹde ni wọ́n fi wo ọ̀kan tí àwọn ará Japan ṣe, eré nípa àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ya fíìmù, tí wọ́n ń jà nítorí rẹ̀, tí wọ́n ń sùn lé e lórí. Nígbà tí wọ́n wò ó tán, Gàníyátù béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn tí kò sí lọ́wọ́ àwọn. Ìfẹ́dayọ̀ ní iná ìjọba ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Monday tó tẹ̀lé e, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Kíláàsì kan náà ni àwọn ọmọbìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, SS2, ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Gwarinpa. Jemimah ló ń yàwòrán. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀gbẹ́ ìwé ìṣirò rẹ̀ sì kún fún ojú ènìyàn, ọwọ́, àti ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Rosemary ìyá rẹ̀, ará Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, máa ń bá a sọ Yorùbá nílé, òun a sì fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn. Ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Sísọ rẹ̀ ni ojú ń tì í. Gàníyátù ló ń kọ ìtàn, òun náà ló sì ń sọ ọ̀rọ̀ sínú fíìmù, nítorí kò sí olùkọ́ tí kò lè sín jẹ. Màmúdù bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta bàtà ní ọjà Wuye. Ìfẹ́dayọ̀ ni ó ní kọ̀ǹpútà, ògbólógbòó kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un, tí ìlà pupa kan gba ojú rẹ̀ já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òun ló ń to àwòrán mọ́ra títí wọn yóò fi máa rìn: àwòrán méjìlá fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Ìtàn tí Gàníyátù kọ kò gùn. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí òùngbẹ ń gbẹ. Ní ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì jókòó ní kíláàsì, ilé náà dìde lórí àwọn òpó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí adágún Jabi láti lọ mu omi. Jemimah ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn gan-an ni òun fẹ́ yà, òpó kan kò gbọ̀dọ̀ lé, fèrèsé kan kò gbọ̀dọ̀ dín.

Ilé alájà kan tó ti pẹ́ ni ilé náà. Kíláàsì mẹ́fà wà nísàlẹ̀, mẹ́fà wà lókè, òpó mẹ́jọ tí wọ́n kùn ní àwọ̀ sánmà sì tò síwájú rẹ̀. Àwọn ọmọ ti pọ̀ sí i lọ́dún náà, Màdáàmù Ọláoyè tó ni ilé ẹ̀kọ́ sì ń gbé àjà mìíràn lé e lórí. Wọn kò dúró de ìsinmi. Àwọn bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù lókè, àwọn ọmọ ń kàwé nísàlẹ̀, àwọn olùkọ́ sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohùn sókè ju ìró òòlù lọ. Olórí àwọn bíríkìlà náà ni Sùlàímọ́nù, àbúrò bàbá Gàníyátù, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn ní Wuye. Màmúdù ló bá a bẹ Màdáàmù fún iṣẹ́ náà. Bàbá Kékeré ni Gàníyátù ń pè é.

Ọ̀gbẹ́ni Babátọ́pẹ́, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, fún àwọn ọmọ náà láyè ní yàrá ìkàwé, ilé kékeré kan tó dojú kọ ilé ńlá náà. Ìfẹ́dayọ̀ kan igi pẹlẹbẹ kan mọ́ ojú fèrèsé níbẹ̀, ó sì gbẹ́ àyè sí i lára tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Lójoojúmọ́, bí wọ́n bá ti lu agogo ìsinmi ráńpẹ́, wọn a ti fóònù bọ àyè náà, wọn a ya fọ́tò kan péré. Jemimah fẹ́ mọ bí òjìji ṣe ń rìn lára ògiri, àti bí ilé ṣe ń rí ní ọjọ́ tí oòrùn mú àti ní ọjọ́ tí òjò ṣú.

Ní Friday kan nínú oṣù kẹfà, fọ́tò pé mẹ́tàlélógún. Ìfẹ́dayọ̀ tò wọ́n, ó sì tẹ̀ ẹ́ kí ó máa lọ. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ìkuukùu ń fò káàkiri, àsíá ń gbọ̀n, búlọ́ọ̀kù ń hù lórí ilé bí ẹni pé kò sí ẹni tó ń tò ó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ó tún un tẹ̀. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Jemimah kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní kí Ìfẹ́dayọ̀ tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí ó dín eré rẹ̀ kù.

“Ó ń mí,” Gàníyátù wí. Àwàdà ló fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a lọ.

Òpó kẹta láti apá òsì ni. Ìdí rẹ̀ dúró sójú kan, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ń yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, fọ́tò kan lẹ́yìn òmíràn. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dọ́gba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Nígbà tí yóò fi di ìkẹtàlélógún, ó ti wọ́. Ìfẹ́dayọ̀ ní fóònù ló yẹ̀. Jemimah mú pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń da àwòrán kọ, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó sì fa ìlà lé gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò kìíní: ọ̀pá àsíá, táǹkì omi, igi dóńgóyárò, ilé. Lẹ́yìn náà, ó ní kí wọ́n gbé fọ́tò ìkẹyìn wá sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá àsíá bá ìlà rẹ̀ mu. Táǹkì bá tirẹ̀ mu. Igi náà, bí a bá yọ ti ewé kúrò, bá tirẹ̀ mu. Ilé nìkan ni kò sí níbi tí wọ́n fi í sí.

Kíláàsì tiwọn ló sì ni fèrèsé náà.

Wọ́n lọ wò ó kí bọ́ọ̀sì tó kó wọn lọ sílé. Bí ènìyàn bá dúró níwájú, kò sí ohun tó ṣe òpó náà. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti pàdé ògiri, ni wọ́n ti rí i. Ibi kan ti là níbẹ̀, ó gùn tó rúlà méjì. Ẹnìkan ti fi sìmẹ́ǹtì dí i, ó sì ti kùn ún, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi dí i náà ti là. Jemimah lẹ pépà mọ́ ọn, ó fi péńsùlù tẹ̀lé ojú ibi tó là náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì kọ déètì ọjọ́ náà sí igun pépà.

Ní Monday, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ han Ọ̀gbẹ́ni Babátọ́pẹ́. Ó wò ó títí, ó wo ojú fèrèsé, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Ó ní kí wọ́n dúró de òun, ó sì gba ọ́fíìsì Màdáàmù lọ. Nígbà tó padà dé, kò wo ojú ẹnì kankan nínú wọn. Ó ní kí wọ́n yọ igi tí wọ́n kàn mọ́ fèrèsé, kí wọ́n sì lọ rí Màdáàmù.

Màdáàmù Ọláoyè kò pariwo mọ́ wọn. Ó fún wọn ní bisikíìtì, ó ní kí wọ́n jókòó, ó sì wo ohun tí wọ́n tò náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ̀yin náà lẹ ń ya ilé tó ń rìn lọ sí Jabi, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dára. Ẹ̀bùn ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lè mú ilé rìn nínú kọ̀ǹpútà, ta ni yóò gbà á gbọ́ bó bá ní ilé ń rìn?”

Ó wá sọ fún wọn bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú ọmọ márùn-ún nínú gáréèjì, bí òun ṣe fi ọwọ́ ara òun kun ògiri àkọ́kọ́, àti pé kò sí ẹni tó fẹ́ràn ilé náà tó òun. Ó ní àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ń bá òun ṣe é. Ó ní bí fọ́tò wọ̀nyí bá dé ọwọ́ òbí kan ṣoṣo, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wá ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lọ. Ohùn rẹ̀ kò yí padà nígbà tó ń sọ èyí. Ó jókòó ti Ìfẹ́dayọ̀ títí ó fi pa gbogbo fọ́tò náà rẹ́ nínú fóònù àti nínú kọ̀ǹpútà, ó sì bi í bóyá ó tán. Ìfẹ́dayọ̀ ní ó tán. Kò sọ fún un pé láti Friday ni òun ti fi wọ́n ránṣẹ́ sí Gàníyátù.

Ní ọ̀sán Sunday tó tẹ̀lé e, Jemimah ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí ilé Gàníyátù ní Wuye. Sùlàímọ́nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàrì tán, ó jókòó sórí ẹní ní fàráńdà. Àwọn ọmọ náà kí i, Gàníyátù sì gbé fóònù sí i lọ́wọ́. Ó wo fọ́tò náà bí wọ́n ṣe ń lọ. Ó ní kí ó tún un tẹ̀. Kò béèrè ohun tó jẹ́. Kò béèrè ẹni tó yà á. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí òpó kẹta kí ẹnikẹ́ni tó nàka sí i, Jemimah sì rí i bẹ́ẹ̀.

“Abẹ́ ibẹ̀ ni kíláàsì yín wà?” ó bi Gàníyátù.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Kékeré.”

Ó dá fóònù padà fún un. Ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé e sí apá, ó sì dúró bí ẹni tó gbàgbé ibi tó ń lọ.

“Ẹ máa jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn,” ó wí, ó sì wọlé.

Ní òwúrọ̀ Monday, nígbà tí wọ́n tò fún àdúrà, Jemimah gbójú sókè. Sùlàímọ́nù wà lórí ilé, ó ń to búlọ́ọ̀kù. Kò bojú wolẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn ọmọbìnrin náà jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n sọ fún olùkọ́ pé ooru ló ń mú àwọn. Láti ibẹ̀, Jemimah bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ohun tí kò kà sí tẹ́lẹ̀. Eruku funfun kan ń dà sórí tábìlì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ó fẹ́lẹ́ bí èlùbọ́, bí wọ́n bá sì nù ún lárọ̀ọ́, yóò tún ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi. Ilẹ̀kùn tó máa ń tì wọ́ọ́rọ́ kọ̀ láti tì mọ́. Káfíńtà wá fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tì fún ọjọ́ méjì, ó sì tún há. Ní Thursday, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò, gíláàsì fèrèsé kan dún pàù, ó là láti igun kan dé ìkejì. Olùkọ́ ní afẹ́fẹ́ ni. Ewé dóńgóyárò tó wà níta kò mì rárá.

Òjò rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Ìfẹ́dayọ̀ kò fẹ́ gbọ́ nípa kàtúùnù mọ́. Gàníyátù kò sín olùkọ́ kankan jẹ mọ́. Nílé, ó ń wo Bàbá Kékeré rẹ̀ bó ṣe ń jẹun. Ó sọ fún Jemimah pé ó ń jẹun dáadáa, pé ó ń bá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ṣeré, àti pé ìyẹn gan-an ló ń ba òun lẹ́rù.

Ní ọjọ́ Tuesday, Jemimah mú pépà rẹ̀ àtijọ́, ó lọ sẹ́yìn òpó náà, ó sì gbé e lé ibi tó là. Ìlà péńsùlù rẹ̀ àti ti ògiri kò bára mu mọ́. Ti ògiri ti gùn kọjá ìsàlẹ̀ pépà, ó sì ti fẹ̀. Ó fi péńsùlù rẹ̀ sínú rẹ̀. Péńsùlù náà dúró síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màdáàmù ti ṣíwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan náà ni òun àti Rosemary wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ti pè é lórí fóònù láti sọ fún un pé Jemimah àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ohun tó lè ba ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Rosemary bá ọmọ rẹ̀ wí gidigidi. Ó ní òun kò rán an lọ síbẹ̀ láti lọ máa ṣọ́ ògiri. Jemimah jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ó fi Yorùbá dá a lóhùn, pẹ̀lú ahọ́n tó ń kọsẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí mo bá parọ́, mi ò ní yàwòrán mọ́.”

Rosemary kò rántí ìgbà tí ọmọ náà ti sọ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀ sí òun gbẹ̀yìn.

Ní òwúrọ̀ Wednesday, kò lọ síbi iṣẹ́ tààrà. Ó tẹ̀ lé Jemimah wọ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, káàdì iléeṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀, gbogbo ọmọ ti wà ní kíláàsì. Àwọn méjèèjì lọ sẹ́yìn òpó. Jemimah gbé pépà lé ògiri, ó sì fi déètì tó wà ní igun rẹ̀ hàn án. Rosemary wo pépà, ó wo ògiri. Ó na ìka ìfábẹ̀là rẹ̀, ó fi í sínú ibi tó là náà, ìka rẹ̀ sì wọlé dé oríkèé kejì. Bó ṣe ń yọ ọ́ jáde, nǹkan kan dún nínú òpó, kò le, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fọ́ ìka. Lókè, ẹnìkan ń sọ pé kí wọ́n gbé omi wá.

Rosemary kò sáré. Ó rìn lọ síwájú ilé, síbi tí wọ́n so agogo ilé ẹ̀kọ́ kọ́, ó mú irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Kò lù ú bí wọ́n ṣe ń lu agogo ìsinmi. Ó ń lù ú láìdánudúró.

Àwọn ọmọ ń jáde, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan mú ìwé lọ́wọ́. Jemimah sáré gba iwájú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ pé kí wọ́n lọ sí pápá, pápá, kí wọ́n má dúró sábẹ́ ilé. Gàníyátù àti Ìfẹ́dayọ̀ lọ kó àwọn tó wà lókè. Nígbà tí Màdáàmù Ọláoyè fi yọ láti ọ́fíìsì rẹ̀, kò sí ọmọ kankan nínú ilé mọ́.

Ó wá bá Rosemary, ó sì gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní ìyá tó ní làákàyè kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọdé dá ilé ẹ̀kọ́ rú. Rosemary ní ìka òun wọ inú ògiri náà, kí Màdáàmù náà lọ fi tirẹ̀ wọ̀ ọ́. Àwọn olùkọ́ dúró, wọn kò mọ ẹni tí wọn yóò gbọ́ tirẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ogún kọjá. Ilé náà dúró nínú oòrùn, òpó rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ́ tónítóní, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn kiri. Jemimah rí i bí ojú ṣe ń ti ìyá rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó sì wù ú kí ilẹ̀ gbé òun mì.

Màdáàmù ké sí Sùlàímọ́nù. Ó ní kí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀, sìmẹ́ǹtì ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

“Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí,” Màdáàmù wí. “Sọ fún wọn. Ṣé ilé yìí dára ni, àbí kò dára?”

Sùlàímọ́nù wo Gàníyátù láàrin àwọn ọmọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò, ó tún un nù.

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n padà wọlé, mà.”

“Kí lo wí?”

“Mo sọ fún yín ní ọjọ́ tí a da dẹ́kìn, kankéré tí àjà tuntun dúró lé, pé òpó yìí kò lè gbé àjà mìíràn. Ẹ ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.”

Màdáàmù Ọláoyè yíjú sí i. Ohùn rẹ̀ kò ga.

“Bí o bá mọ bẹ́ẹ̀, kí ni ìwọ fúnra rẹ ń wá lókè láti ọjọ́ yìí?”

Màdáàmù ní kí ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ kúrò lórí ilé òun, kí ó sì máa lọ.

Gàníyátù bọ́ síwájú, ó di apá Sùlàímọ́nù mú, ó ní kí ó fi àwọn irin náà sílẹ̀. Sùlàímọ́nù ní irin iṣẹ́ àwọn tó bá òun wá náà wà níbẹ̀, pé kò ní pẹ́. Ó rọra yọ ọwọ́ ọmọ náà kúrò lápá rẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé, ó sì gun àtẹ̀gùn.

Ilé náà kò kọ́kọ́ pariwo. Òpó kẹta tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tó ti rẹ̀. Àjà òkè dúró díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan mìíràn ṣì gbé e ró, lẹ́yìn náà gbogbo ilé náà jókòó. Ìgbà náà ni ariwo tó dé, tí eruku sì bo pápá tó fi jẹ́ pé Jemimah kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbọ́ Gàníyátù tó ń pe Bàbá Kékeré. Kò ké. Ó ń pè é ṣáá, bí ẹni tó ń pe ènìyàn wá jẹun.

Àwọn ará àdúgbò dé, àwọn ọlọ́kadà dé, àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́bàá títì gbé ṣọ́bìrì wá. Àwọn bíríkìlà márààrún ló ṣíwájú wọn. Wọ́n ń fi ọwọ́ yọ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fúnra wọn tò lánàá. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Àìlà ní mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n rí ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń mì. Wọ́n gbé e jáde láàyè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò ṣeé tún ṣe. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n gé e kúrò lókè orúnkún. Kò sí ọmọ kankan tó farapa. Màdáàmù Ọláoyè jókòó sílẹ̀ lábẹ́ dóńgóyárò, ìwé orúkọ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń ka àwọn ọmọ. Bó bá kà wọ́n tán, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Babátọ́pẹ́ sọ fún un pé wọ́n pé, ṣùgbọ́n kò dákẹ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá ti ẹnu ọ̀nà pa. Wọ́n mú Màdáàmù lọ, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì padà sílé. Fọ́tò mẹ́tàlélógún náà dé orí Wasáàpù, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi í síta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó wò ó sọ pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é lẹ́yìn tí ilé ti wó. Àwọn òbí kan wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Rosemary títí dé ilé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn ń sọ pé ó yẹ kí ó ti pe Màdáàmù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pé agogo tó lù yẹn ló fa ìbínú, ìbínú ló sì rán bíríkìlà náà padà sókè. Rosemary gbọ́ ọ. Kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, Sùlàímọ́nù ní òun fẹ́ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Màmúdù mú un lọ sí ibùdókọ̀ Jabi, Gàníyátù bá wọn lọ, Rosemary sì gbé Jemimah wá dágbére fún un. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì nígbà tí Màmúdù ń wá àyè fún un ní iwájú mọ́tò. Sùlàímọ́nù ti rù. Ọ̀pá méjì tó fi ń rìn wà lórí itan rẹ̀.

Ó bi Jemimah bóyá wọ́n ti parí kàtúùnù náà. Jemimah ní rárá, àwọn kò fọwọ́ kàn án mọ́. Sùlàímọ́nù mi orí. Gàníyátù ni ó ń wò nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

“Mo mọ̀ kí ẹ tó mọ̀. Mo ti fi okùn ìwọ̀n wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán, mo rí i pé ó ti yẹ̀. Mo rò pé yóò dúró títí a ó fi parí, pé wọn yóò wá fi irin gbé e ró nígbà ìsinmi.”

“Àwa tó wà lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́, Bàbá Kékeré?”

“Mo ní kí ẹ jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn.”

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, tí kò sì tíì tó o. Àwọn ọmọ méjìdínlógójì ló wà ní kíláàsì náà, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní. Nígbà tí Màmúdù pè, Gàníyátù dìde, ó gba ọ̀pá méjèèjì lọ́wọ́ àbúrò bàbá rẹ̀, ó tì í lẹ́yìn títí ó fi jókòó nínú mọ́tò, ó sì to àwọn ọ̀pá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó wọn. Ó kí i pé ó dàbọ̀. Mọ́tò náà kún, ó sì lọ. Gàníyátù kò juwọ́ sí i. Ó dúró síbẹ̀ títí bàbá rẹ̀ fi ní kí àwọn máa lọ.

Nínú ọkọ̀ ìyá rẹ̀, Jemimah kò tan fóònù rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí yóò wọlé ní Monday. Nígbà tí wọ́n fi adágún Jabi sẹ́yìn, ó béèrè bóyá ilé ilẹ̀ ni àbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

“Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni,” Rosemary wí. Ojú rẹ̀ wà lójú títì. “Mo ti lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo gbogbo òpó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fọwọ́ kàn wọ́n.”

Jemimah bi í pé kí ló rí.

Ìyá rẹ̀ ní òun kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe bíríkìlà.